Ọkọ̀ Tuntun Tí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Fà Dé Pissy

Adìyẹ ìbílẹ̀ kan ti di ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà ní Bilbalogo, àdúgbò wa yìí ní Ouagadougou, báyìí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lẹ ní kí n sọ. Adìyẹ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Adìyẹ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe èyí tí mò ń wí yìí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró. A máa sáré kiri àgbàlá láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, a máa sá fún ajá, a máa họ ilẹ̀ kó tó jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ sè é, kí ẹ wá igi ìdáná sílẹ̀ dáadáa. Ìkejì rẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná tọ́ nínú ilé, tó funfun, tó sanra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ rí. Owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Ẹ gbé e kaná, kí ẹ tó gé àlùbọ́sà tán, ó ti yọ́, egungun rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ọkọ̀ ayé yín jọ?

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Èmi kò kàwé. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀ kò ju kí n mọ owó tí wọ́n fún mi àti èyí tí wọn kò fún mi. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá. Bàbá Rájí, ọkọ mi, ló kọ́kọ́ wá ń ta èlò ọkọ̀ nílùú Ouagadougou yìí. Nígbà tí Ọlọ́run pè é, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sì ń bá ọjà náà lọ. Àwọn ọkùnrin ní obìnrin kì í ta irin. Mo ní, "Ó dáa, ẹ lọ ra tiyín lọ́wọ́ irùngbọ̀n." Wọ́n padà wá.

Nígbà ayé Bàbá Rájí, ọkọ̀ kan wà nílé wa. Bàṣé ni, ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Sùúrù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ mi ló ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ síwájú rẹ̀, nítorí bí o kò bá ní sùúrù, kò ní jẹ́ kí o tan òun láàárọ̀ ọyẹ́. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á dákẹ́, á tún wúkọ́. Gbogbo agbo ilé á ti jí. Àwọn ìyá tó ń kírun Àsùbáà á máa fi ọkàn bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kó gbà, kí ìrun tiwọn náà lè rójú. Nígbà tó bá wá ké gìrììì, èéfín á bo igi dóńgóyárò ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé á pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ mọ́ nìyẹn. A ò mọ ohun tó ń jẹ́ agogo nígbà náà. Sùúrù ni agogo wa.

Ihò kan wà nílẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, a máa ń ti ibẹ̀ wo ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan tí à ń lọ sílé, a gba Fada, à ń lọ sí Natitingou, kí á tó já sí Paraku, bàtà Rájí kan bọ́ sínú ihò náà. Ọmọdé ni Rájí nígbà náà, ó figbe ta. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní dúró nítorí bàtà ẹyọ kan, pé ọkọ̀ tó ti gbóná dáadáa, a kì í dá a dúró. Bí ọmọ mi ṣe wọ ilé bàbá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ìkejì lórí ilẹ̀. Àwọn ẹbí rò pé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ ní Ouagadougou nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, àwọn ọmọ ilé ti bọ́ bàtà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Bí Sùúrù bá ṣàìsàn, a kì í sunkún. Bàbá Tẹ́ńgà ni mẹkáníìkì wa, ọmọ Mọ́sí, onílùú ibí, ó tóbi bí odi. Á tẹ́ ẹní sábẹ́ dóńgóyárò, á tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀ lórí ẹní, ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, bí ẹni pàtẹ ọjà. Bọ́ọ̀lù kéékèèké á wà nínú abọ́ epo bẹntiróò bí ẹ̀gúsí tí wọ́n rẹ. N ó ṣe tìì fún un, òun àti ọkọ mi á máa jà lórí pé èwo ló bàjẹ́. Èyí tí kò bá sí lọ́jà, alágbẹ̀dẹ á rọ ọ́. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti dè é padà. Ìdè kan tàbí méjì máa ń ṣẹ́kù sórí ẹní. Ọkọ mi á bi í pé, "Èyí ńkọ́?" Bàbá Tẹ́ńgà á ní, "Èyí kò wúlò tẹ́lẹ̀." Sùúrù á sì gbéra.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Sùúrù ní àkísà. A lẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, a so ó lọ́hùn-ún, ó ń lọ. Ọkọ̀ tiyín kì í gbó rárá, kíkú ni wọ́n ń kú. Àbíkú ni wọ́n. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ kùn wọ́n lọ́ṣẹ, ẹ fún wọn lórúkọ, wọ́n ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ.

Ẹ má rò pé mo yọ ara mi sílẹ̀. Àwọn èlò tí mò ń tà náà ti dà bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ wa, ó lè di ọdún mẹ́ta kí a tó tún rí i, ìkíni ló sì máa ń bá wá, pẹ̀lú obì lọ́wọ́. Ní báyìí, kí n tó jẹun ọ̀sán, ó ti padà. Awakọ̀ takisí kan dé lọ́jọ́ kan, ó ju ohun tó rà sórí tábìlì mi.

"Yaaba, èyí tí ẹ tà fún mi lánàá ti kú."

Yaaba ni àwọn ará ibí ń pe ìyá àgbà. Mo ní, "Ó ti kú? Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Ṣé ẹ ti sin ín?"

"Yaaba, mi ò bá yín ṣeré. Tuntun ni ẹ pè é."

"Tuntun náà ni. Ṣé ó gbó lójú rẹ? Ó kú ní kékeré ni."

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì fún un ní òmíràn. Ó dúpẹ́, ó ní, "Barka, Yaaba," ó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, ojú tì mí. Mo mọ̀ pé èyí tí mo fún un yẹn, ọmọ ìyá èyí tó kú ni.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mò ń lọ.

Àwọn ọmọbìnrin ilé wa ní òfin kan tí àwọn tó ṣáájú wa níhìn-ín fi lélẹ̀. Bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, kì í wọ ọkọ̀ àyálò, kì í wọ èyí tí a fowó gbà. Ọkọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló máa gbé e, kí wọ́n má baà sọ pé a kó o jáde bí ẹrù ọjà. Bó bá ti wọ inú ọkọ̀ náà níwájú ilé wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ mọ́, àfi níwájú ilẹ̀kùn ọkọ rẹ̀, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń dúró pẹ̀lú omi nínú igbá láti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti tẹ ilẹ̀ ojú ọ̀nà, àwọn ìyá wa ní ọ̀nà á máa pè é padà. Sùúrù ló gbé gbogbo wọn. Nínú ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí lórí ẹní tuntun, tí a ó máa kọrin, tí fèrè ọkọ̀ á máa ké páàpù-páàpù láti Bilbalogo lọ. Kò já ìyàwó kankan sọ́nà rí.

Nígbà tí ọkọ mi kú, Rájí ta Sùúrù fún oníṣòwò màlúù kan. Ó ní èéfín rẹ̀ ń ba aṣọ òun jẹ́. Rájí yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ní bíúrò ní Koulouba, aṣọ funfun ló ń wọ̀. Mi ò bá a jà. Àfìgbà tí ọkọ dé bá Sàlámátù, ọmọ Rájí, ni a wá rántí pé kò sí ọkọ̀ nílé mọ́. Ará Ṣakí ni àna wa, oníṣòwò aṣọ, Pissy ni wọ́n ń gbé, ní apá kejì ìlú yìí. Rájí ní kí á fowó gba ọkọ̀. Àwọn àgbà obìnrin ilé fẹnu nù ún bí àwo. Ló bá lọ ra tuntun.

Ó gbé e wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, a ṣàdúrà, a pín dàbínù. Ọkọ̀ náà ń dán bí orí apárí. Ọ̀rá wà lórí àwọn ìjókòó rẹ̀, Rájí ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya á, kí wọ́n lè mọ̀ pé tuntun ni. Mo fi ìka kan ara rẹ̀. Ó dún bí agolo tòmátì.

"Rájí, ṣé irin nìyí?"

"Ìyá, ayé ti kọjá irin. Ó fúyẹ́ kó má baà mu epo."

"Ẹnu tí o fi sọ ọ́ náà fúyẹ́."

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ ká gbádùn náà," Sàlámátù ló dá sí i. Ó ti jókòó sínú rẹ̀, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Inú ọmọ náà dùn. 

Ọjọ́ ìgbéyàwó náà bọ́ sí ìgbà ooru, ooru tó ń mú kí aláǹgbá máa gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà kò tíì lo oṣù márùn-ún lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a gbé Sàlámátù sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí lórí, mo jókòó tì í, Rájí ń wà á, àwọn obìnrin ilé tẹ̀lé wa lórí alùpùpù, wọ́n ń kọrin. Ọ̀rá ìjókòó lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wa nínú ọkọ̀ náà, Rájí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí i?" Mo ní mo rí i.

Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń gbọ́ òòlù àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Pissy, iná pupa kan tàn níwájú Rájí. Òmíràn tàn. Gbogbo wọn wá tàn bí ọjọ́ ọdún. Ọkọ̀ náà kò wúkọ́, kò kígbe, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dákẹ́. Sùúrù kì í dákẹ́ láìsọ ohun tó ń ṣe é.

Rájí ṣí iwájú rẹ̀. Mo yọ orí láti ibi tí mo wà kí n lè bá a wò ó. Wọ́n ti fi rọ́bà dúdú bo gbogbo inú rẹ̀ bí obìnrin ẹlẹ́hàá. Èmi tí mo ti ta èlò ọkọ̀ títí orí mi fi funfun, mi ò rí nǹkan kan tí mo lè pe orúkọ rẹ̀. Rájí pe àwọn tó tà á fún un lórí fóònù. Ó gbọ́, ó gbọ́, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Wọ́n ní kí n gbé e wá kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wò ó."

"Kí o gbé e wá? Orí ta ni o fẹ́ gbé e lé?"

Ooru ti wọlé. Fèrèsé kò ṣí, iná ló ń ṣí i, iná sì ti kú. A ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sàlámátù gbé ìbòrí rẹ̀ sókè díẹ̀, tìróò ojú rẹ̀ ti ń ṣàn.

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Kò jìnnà mọ́. N ó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Wọ́n ń wò wá lóòótọ́. Àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta ti sọ òòlù kalẹ̀. Àwọn obìnrin tiwa bọ́ bàtà, wọ́n ti ọkọ̀ náà díẹ̀, ó wọ iyanrìn, ó jókòó. Mo wo ọmọ náà. Bí mo bá ní kó sọ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ ba òfin ilé jẹ́. Bí mo bá ní kó jókòó, ooru lè pa á. Mo sọ pé kó jókòó.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Sibiri yọ. Ọkùnrin Mọ́sí ni, ó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó òkúta. Ó wo ọkọ̀, ó wo ìyàwó, ó wò mí.

"Yaaba, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa rìn."

"Ẹsẹ̀ ìyàwó wa kì í kanlẹ̀ lọ́nà."

Ó ronú. "Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n fà yín lọ."

Rájí fò sókè. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́? Ọkọ̀ tuntun rèé o!"

Sibiri ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi ò mọ̀ pé tuntun ni."

Ó tú kẹ̀kẹ́ òkúta rẹ̀ sílẹ̀, ó so okùn mọ́ bọ́ńpà iwájú, ó na ẹranko náà ní pàṣán kan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbéra. Bọ́ńpà tẹ̀ lé e. Àwa kò tẹ̀ lé e. Ó fa nǹkan náà lọ dé iwájú, ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lórí ilẹ̀, kí Sibiri tó rí i mú. Àwọn afọ́kùúta fi orí lu ilẹ̀ nínú ẹ̀rín. Nígbà tí Sibiri padà dé, ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, ó wá irin gidi kan lábẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀kan so okùn mọ́.

Bí a ṣe wọ ilé àna nìyẹn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní iwájú, Rájí nídìí ọwọ́ ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ bí ìyẹ́, bọ́ńpà lórí itan mi. Àwọn ìyàwó ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ìyálé wọn, obìnrin Ṣakí, ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó gbé igbá omi dání, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ará Bilbalogo. Ẹ sọ fún wa o, ẹsẹ̀ ta ni ká fọ̀, ti ìyàwó ni àbí ti ẹni tó gbé e wá?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ọkọ fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń nu ojú. Wọ́n lẹ owó mọ́ iwájú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹnu mi kì í mọ ìgbà tó yẹ kó padé. Àfìgbà tí mo rí i tí nǹkan ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sàlámátù ni, ó ń sunkún lábẹ́ ìbòrí. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ́, kò kan ilẹ̀. Mo pa òfin mọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo jẹ ìrẹsì àwọn àna wa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò bu kún un.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyàwó Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Pissy. Ọkọ rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pè é.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà wá síwájú ilé wa. Àwọn tó tà á ní ohun tó kú nínú rẹ̀, odidi ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, a kì í tú u, wọn kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo pe ọmọ Bàbá Tẹ́ńgà, òun náà mẹkáníìkì ni. Ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Yaaba, bí bàbá mi bá jí, á tún kú." Ọkọ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò, òjò ọdún kan pa á, ti èkejì pa á. Aláǹgbá bímọ sínú rẹ̀. Ọ̀rá Rájí ṣì wà lórí ìjókòó.

Sàlámátù wá kí wa ní ọdún Ààwẹ̀, ó rí i, ó yí ojú padà. Kò wá ní Iléyá. Mo ránṣẹ́, kò wá. Nígbà tó bímọ ọkùnrin, mo kó ọṣẹ àti aṣọ ránṣẹ́ sí i, mo ń retí kó pé ogójì ọjọ́ kó gbé ọmọ náà wá kí n rí i, bí a ṣe máa ń ṣe. Ogójì kọjá. Mo pè é.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó ṣì wà níwájú ilé?"

"Kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Mi ò ní gbé ọmọ mi kọjá níwájú ẹ̀. Ẹ̀sín tèmi ti tó mi, kò gbọdọ̀ kan òun."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo nǹkan náà lábẹ́ dóńgóyárò.  

Mo lọ bá Rájí. Mo ní kó ta nǹkan náà fún àwọn tó ń yọ́ irin.

"Ìyá, ẹ mọ iye tí mo rà á?"

"Mo mọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́ta lo ì bá fi kọ́. Lọ wọ inú ẹ̀ kí o máa gbé ibẹ̀."

"Bóyá wọ́n á tún ṣe irú èlò náà lọ́jọ́ kan."

"Rájí, ọmọ ọmọ rẹ ń dàgbà. Mi ò mọ ojú rẹ̀."

 Ó wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú mi, ó sì wọlé, kò fẹ́ wò ó.

Àwọn ọkùnrin náà dé lánàá pẹ̀lú òòlù àti ayùn. Wọ́n ya rọ́bà sọ́tọ̀, wọ́n ya irin sọ́tọ̀. Òkìtì rọ́bà ga dé àyà mi. Èyí tó jẹ́ irin, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e tán. Ọ̀gá wọn gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó mi orí, ó ní, "Yaaba, ọkọ̀ yìí ò ní nǹkan nínú." Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́. Mo ti pe Sàlámátù, mo ní kó máa gbé ọmọ náà bọ̀. Ọkùnrin náà fi ìka kan ahọ́n, ó ka owó náà sí mi lọ́wọ́, kò gbà kí n dúnàádúrà: ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà, owó adìyẹ kẹ̀kẹ́ méjìlá àti ààbọ̀.